Òde Ọkọ̀ àti Inú Ọkọ̀: Àwòṣe Ọkọ̀ Eré-Ìje Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwòṣe ọkọ̀ eré-ìje tí a ń pè ní slot car mu. Ẹni tí ó bá wo òde rẹ̀ yóò rò pé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n sọ di kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi irú ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ kọ́ni mọ ìyàtọ̀ yìí dájú, kí ó má baà fi irọ́ kọ́ ọmọ.

Kí ni ọkọ̀ ńlá náà? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ NASCAR, tí Bill France àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1948, ṣètò eré-ìje fún irú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ọkọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní stock car, èyí ni ọkọ̀ orí àtẹ. Ìdíje àkọ́kọ́ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé ní ìlú Charlotte ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, 1949. Glenn Dunaway ni ó kọ́kọ́ dé òpin, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé a ti ṣe àtúnṣe sí àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi fún Jim Roper. Òde ọkọ̀ náà jọ ti orí àtẹ. Inú rẹ̀ kò jọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí àwọn aṣàwòṣe fẹ́ràn ni Plymouth Superbird ti 1970, irú èyí tí Richard Petty fi díje pẹ̀lú nọ́ńbà 43. Imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ìyẹ́ kan sì ga ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 2. Ìyẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí ọkọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ gbé e nílẹ̀. Ìyẹ́ ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ náà tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ojú ọ̀nà mú. Dodge Charger Daytona, tí ilé-iṣẹ́ Chrysler kan náà ṣe, ní irú ìyẹ́ yìí. Òun ni Buddy Baker wà ní Talladega ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, 1970, tí ó fi sáré kọjá máìlì 200 ní wákàtí kan. Òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún títà kí wọ́n tó lè fi díje. Nítorí náà ni Superbird tí wọ́n ṣe fi lé ní 1,900. Ní 1971, òfin tuntun dín ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ tí ó ní ìyẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè bá ẹgbẹ́ wọn díje mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwòṣe rẹ̀. Bí a bá ṣe é ní ìdá kan nínú 32, gígùn rẹ̀ yóò tó bí íńṣì 7. Ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ike, ó ní ihò tóóró gbọọrọ kan tí èèkàn kékeré abẹ́ imú ọkọ̀ ń gbà. Irin pẹlẹbẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Wáyà bàbà tí a hun ń gba iná mànàmáná lára wọn lọ sínú ẹ̀rọ ọkọ̀. Fred Francis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú rẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Scalextric jáde ní 1957. Kò sí ìtọ́kọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹni tí ń ṣeré ní kò ju ohun ìtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá tẹ̀ ẹ́, iná pọ̀ sí i, bí ó bá dẹ ọwọ́, ọkọ̀ rọra. Ẹni tí kò bá dẹ ọwọ́ kí ó tó dé kọ́nà, ọkọ̀ rẹ̀ yóò fò jáde. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé: iṣẹ́ wo ni ìyẹ́ ń ṣe lára àwòṣe? Bí ọkọ̀ kékeré náà bá rin ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn eléré a máa sọ ọ́ di ìlọ́po 32, wọn a ní ó ń sá máìlì 218 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ ìṣirò yẹn. Eré tí ọkọ̀ náà ń sá gan-an kò pé máìlì 7 ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ kò sì lágbára láti tẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀ ní irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwòṣe òde òní, irin òòfà tí a fi pamọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ ni ó ń fa irin ojú ọ̀nà mọ́ra. Òun ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ìyẹ́ ni ó ń gba ìyìn.

Èyí kò sọ àwòṣe di ohun ìtanjẹ. Àwọ̀, nọ́ńbà àti ìrísí ọkọ̀ ti ayé ìgbà kan wà lára rẹ̀, ìtàn sì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ó bá gbé e wá sí kíláàsì má ṣe nàka sí ìyẹ́ kí ó sì sọ pé òun ni ó di ọkọ̀ náà mú. Kí ó yọ ìyẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi yípo. Kí ó dá ìyẹ́ padà, kí ó yọ irin òòfà, kí wọ́n tún kà á. Ohun tí wọ́n bá rí ní kọ́nà àkọ́kọ́ ni yóò kọ́ wọn pé kí á tó sọ ohun tí ń mú nǹkan ṣiṣẹ́, kí á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, bí wọ́n ti ṣe ní Charlotte.