Àlàáfíà láti Ẹsẹ̀-Kùkú: Ẹ̀kọ́ Àdéhùn Kírìjì àti Aáwọ̀ Ifẹ̀ òun Modákẹ́kẹ́ fún Olùkọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. Òwe yìí wúlò púpọ̀ fún píparí ìjà láàárín ẹni méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìlú méjì ni wọ́n jọ ń gbé orí ilẹ̀ kan náà, tí ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀, tí a sì ń pe èkejì ní àlejò láti ìran dé ìran, ìgbàgbé nìkan kò tó. Ohun tí ó dá ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn ará ìlú fúnra wọn ṣe lè kọ́ àlàáfíà láti ẹsẹ̀-kùkú, èyí tí ó yàtọ̀ sí àlàáfíà tí àwọn aláṣẹ ń fọwọ́ sí lórí ìwé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ó ti mú àpẹẹrẹ. Ó sì fi wọ́n wé ohun tí àwọn Júù àti Lárúbáwá kan ń ṣe ní Ísírẹ́lì. Kókó rẹ̀ ni pé àlàáfíà tí kò ní ìdọ́gba nínú kì í tọ́jọ́.

Àdéhùn Ọdún 1886

Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀. Ìbàdàn wà ní apá kan. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn mìíràn tí wọ́n para pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀ wà ní apá kejì. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀. Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni ó bí ogun náà: àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn kò fẹ́ sìn mọ́.

Àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ìlàjà láti ibùdó kan dé èkejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, a kéde àdéhùn náà ní ojú ogun, ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fún Èkìtì Parapọ̀ ní òmìnira. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Àdéhùn yìí kan náà ni ó gbé ọ̀ràn Modákẹ́kẹ́ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n sá fún ìparun Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Ọọ̀ni Adégúnlẹ̀ ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn ní nǹkan bí ọdún 1847. Àdéhùn náà ní kí a ṣí ìlú náà nípò, kí a tún un tẹ̀ dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Àwọn ọba, ìjòyè àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fọwọ́ sí i; ohùn àgbẹ̀ àti ti ìyálọ́jà kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọdún mẹ́tàlélógún kọjá kí a tó tú Modákẹ́kẹ́ ká ní 1909, nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1922, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Bí àdéhùn kan náà ṣe tú ìdè Ìjẹ̀ṣà ni ó so kókó mìíràn sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀.

Ohun tí ó fa Aáwọ̀ Ifẹ̀ òun Modákẹ́kẹ́

Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jọ ń sọ èdè kan, wọ́n jọ ń fẹ́ra, wọ́n sì jọ ń sin ẹ̀sìn kan náà. Síbẹ̀, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ní 1981 àti 1983, ó sì tún le gidigidi láàárín 1997 àti 2000. Èyí fi hàn pé ìjọra èdè nìkan kò lè dènà ogun.

Ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú gbòǹgbò rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ tí wọ́n ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ a máa san án fún àwọn onílẹ̀. Lẹ́yìn Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ilẹ̀ ti di ti ìjọba, wọn kò sì fẹ́ san án mọ́. Lójú onílẹ̀, ẹ̀tọ́ ìran rẹ̀ ni a ń fi dù ú. Lójú àgbẹ̀, kò yẹ kí ẹni tí baba baba rẹ̀ ti kú síbẹ̀ ṣì máa san owó àlejò. Èkejì ni ìṣèjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí a dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, àríyànjiyàn lórí ibi tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ni ó di ogun ní 1997.

Ní 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti pẹ̀tù sí aáwọ̀ náà. Láti ìgbà náà, ogun ńlá kò tíì tún ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè-àìyedè lórí ilẹ̀ oko ṣì ń yọjú. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: ta ni yóò máa ṣọ́ àlàáfíà náà nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ti ká ẹní nílẹ̀?

Ohun tí ó So Àwọn Ará Ìlú Pọ̀

Ìtàn Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀ dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yìí. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà di olókìkí nínú òwò aṣọ àwìn tí a mọ̀ sí òṣómàáló, nítorí pé ẹni tí ó wá gba owó a máa sọ pé òun yóò lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi pé. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n tà á dé. Wọn kò yọ àwọn ìlú tí baba wọn bá jagun sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ta àwìn fún ọmọ ọ̀tá àná ti gbà pé wọn yóò tún rí ara wọn lọ́la.

Ní Òṣogbo ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dé ní 1907, àwọn oníṣòwò láti ìlú mìíràn sì rọ́ wá. Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́ẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe a máa wà nínú agbo ilé kan. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ti di ohun iyì fún gbogbo ìlú. Níbi tí àǹfààní bá ti kan tọ̀tún-tòsì, tọ̀tún-tòsì ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Àfiwé pẹ̀lú Ísírẹ́lì

Ní Ísírẹ́lì, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni ó jẹ́ Lárúbáwá. Ní 2015, àwọn Júù àti Lárúbáwá kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ lédè Hébérù, Omdim Beyachad, túmọ̀ sí pé wọ́n jọ dúró. Júù àti Lárúbáwá ni wọ́n jọ ń darí rẹ̀. Wọn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ń ni ìhà méjèèjì lára, bí owó iṣẹ́ tí kò tó àti ilé tí ó wọ́n, kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ ìdọ́gba àti àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ará Palẹsitínì. Ní 2024, nígbà ogun Gásà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà láti dáàbò bo àwọn ọkọ̀ tí ń gbé oúnjẹ lọ sí Gásà nígbà tí àwọn mìíràn ń dí wọn lọ́nà. Ẹgbẹ́ yìí kò lágbára tó láti dá ogun dúró, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ènìyàn lè yan ibi tí yóò dúró sí.

Láti 1998 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ elédè méjì tí à ń pè ní Hand in Hand ti ń kọ́ ọmọ Júù àti ọmọ Lárúbáwá pọ̀ níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wọn, olùkọ́ Júù kan àti olùkọ́ Lárúbáwá kan ni wọ́n jọ ń kọ́ni.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó jáde: kí ohun tí ó kan ìhà méjèèjì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí ìhà méjèèjì jọ darí, kí a má sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ pamọ́ nítorí kí ìlú lè tòrò.

Ọwọ́ olùkọ́ Yorùbá ni irinṣẹ́ kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ìjọba, èyíinì ni èdè. Èébú àti orin òtè a máa ṣáájú ìbọn. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ “àtìpó” tàbí “àjèjì” nílé lójoojúmọ́ yóò gbé e wọ kíláàsì. Ó yẹ kí olùkọ́ lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìtumọ̀: ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́ sí, kí sì ni ó gbà lọ́wọ́ ẹni tí a sọ ọ́ sí? Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, kí ọmọ ka ìtàn 1847 àti 1909 bí Ifẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ àti bí Modákẹ́kẹ́ ṣe ń sọ ọ́, kí ó sì lè sọ èkejì láìbu ẹnikẹ́ni kù. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a rán lọ kọ́ni ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ná.

Ìgúnlẹ̀

Àdéhùn 1886 parí ogun kan, ó sì fi òmíràn sílẹ̀, nítorí pé ó tún ààlà ṣe láìtún ìbáṣepọ̀ ṣe. Àwọn aláṣẹ lè dá ìbọn dúró. Bí àgbẹ̀, ọlọ́jà, òbí àti olùkọ́ kò bá jọ fi ọwọ́ sí ohun tí ó tọ́ sí oníkálukú, àlàáfíà náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.