Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná



Ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyá àwọn ọmọ wa jí wa pé òun ń gbóòórùn gáàsì. A dìde, a na ọwọ́ sí ibi tí a fi ń tan iná mànàmáná. Ó kígbe pé: « Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! » Nínú òkùnkùn ni a ti kó àwọn ọmọ kúrò lórí ẹní, tí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí a sì ti orí ìgò pa. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a rí i pé rọ́bà rẹ̀ ti sán.

Kí ni ìdí igbe náà? Iná igi máa ń fi ara rẹ̀ hàn: a ń rí èéfín rẹ̀, ó sì ń ta wá lójú. Gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìgò, omi ni. Bí ó bá jáde, lítà kan rẹ̀ a di gáàsì tí ó lé ní 200 lítà. Ìbáà ṣe butane tàbí propane, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rìn, níbi tí àwọn ọmọ wa ń sùn sí. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn ti ara rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n fi òórùn burúkú sí i, kí imú lè máa ṣọ́ ilé. Iná kín-ń-kín tí ń ṣẹ́jú nígbà tí a bá tan iná mànàmáná ti tó láti mú un gbiná.

Ohun tí a ń bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan nìyí.

Èkíní: ìgò kílò 6 tàbí ti kílò 12,5, ẹ gbé e nàró níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ó jìnnà sí iná èédú àti sí epo kpayo.

Èkejì: ẹ kọ́kọ́ ṣáná, kí ẹ tó ṣí gáàsì. Bí oúnjẹ bá jinná, ẹ ti orí ìgò pa pẹ̀lú, kì í ṣe ojú ààrò nìkan.

Ẹ̀kẹta: bí ẹ bá pààrọ̀ ìgò, ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà àti détendeur. Ibi tí ó bá ti ń hó, gáàsì ń jáde níbẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láéláé. Bí ọdún tí a tẹ̀ sára rọ́bà bá ti kọjá, tàbí tí ó bá ti sán, ẹ ra òmíràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan tẹlifóònù nínú ilé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ti orí ìgò pa, kí gbogbo ilé jáde. Láti ìta ni kí ẹ ti pe àwọn panápaná: 118, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò.

Àwọn kan yóò wí pé Ọlọ́run ni olùṣọ́ wa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàtánì ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì, kí àwọn áńgẹ́lì lè gbà á, Olúwa wa kọ̀. Nínú ìwà rere mẹ́rin tí Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé wọ́n jẹ́ òpó fún ìyókù, ọgbọ́n ìṣọ́ra ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó kúnlẹ̀ fún àdúrà ìdílé, kí ẹnì kan lọ wo orí ìgò.