Camry Tòkunbọ̀ Lórí Gbèsè: Ìṣirò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ìbuwọ́lùwé

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í fi ọdún pe Toyota Camry. Èyí tó jáde láti 2003 sí 2006 ni wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti 2007 sí 2009 ni Muscle, nígbà tí ojú rẹ̀ sì yí padà ní 2010, ó di Spider. Honda Accord náà ní tirẹ̀: End of Discussion, Evil Spirit. Ọkọ̀ tí aráàlú bá fún lórúkọ báyìí ti di ọmọ ilé. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò aṣọ, awakọ̀ Uber àti Bolt, irú mọ́tò tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù yìí ni gbogbo wọn ń fojú sí. Ó gba ènìyàn márùn-ún, bọ́ọ̀tù rẹ̀ gba ẹrù, kò sí àdúgbò tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sí, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún Ládípọ̀ ní Mushin.

Ohun tó yí padà ni bí owó rẹ̀ ṣe ń jáde lápò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 ní ọjà ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ojú omi, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn aṣọ́bodè ti ń ṣírò owó tiwọn ní èbúté Tin Can. Bí dọ́là ṣe ń fò ni mọ́tò ń bá a fò. Òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú owó fún ọdún bíi mélòó kan bá a pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò ra mọ́tò mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyáwó ti wọlé.

Owó tí wọ́n ń yáni náà sì ti wọ́n. Òṣùwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi ń darí àwọn báńkì yòókù wà ní 11.5% títí di oṣù Karùn-ún 2022. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2024, ó ti gun 27.5%. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó dín in sí 27%, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dín in kù láti 2020. Báńkì tó bá fẹ́ jèrè yóò fi tirẹ̀ lé e lórí, ìdí nìyẹn tí 30% lọ́dún kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe iye èlé nìkan ló ń wọ ayáwó lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ ló lè burú jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ₦3,000,000 nílẹ̀, ó rí Muscle kan tí wọ́n dá ₦8,000,000 lé, ó ku ₦5,000,000. Ayánilówó sọ fún un pé 3% lóṣù ni èlé, oṣù 24 ni yóò fi san án tán. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣe ìṣirò yìí. Bí ó bá jẹ́ pé orí ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò èlé, bó ṣe ń san ni èlé yóò máa dín. Yóò máa san nǹkan bíi ₦295,000 lóṣù, gbogbo èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi ₦2,090,000. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní flat. Wọn yóò ṣírò 3% lórí ₦5,000,000 láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kẹrìnlélógún, bí ẹni pé kò tíì dá kọ́bọ̀ padà. Èlé ₦150,000 lóṣooṣù yóò di ₦3,600,000, owó tí yóò sì máa san lóṣù yóò tó ₦358,000. 3% kan náà ni wọ́n dárúkọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyàtọ̀ wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Bí a bá gbé flat yìí wá sí ìṣirò àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n pè ní 3% ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5% lóṣù.

Àwọn baba wa mọ ohun tó jọ èyí. Ìwọ̀fà a máa sin olówó lóko, iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé, ojú owó kò sì ní dín ní owó ẹyọ kan títí ìdílé rẹ̀ yóò fi kó o jọ pé. Ẹni tó yá owó flat ń dín ojú owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ti èlé, bí ìwọ̀fà ni wọ́n ṣe ń bá a lò: wọn kì í ka èyí tó ti san.

Ní Amẹ́ríkà, òfin Truth in Lending ti 1968 ló pa á láṣẹ fún ayánilówó pé kí ó kọ èlé ọdún kan sílẹ̀ lọ́nà kan náà tí gbogbo wọn ń gbà kọ ọ́, kí oníbàárà lè fi ti ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn. Nílé níbí, kí ayáwó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ló dára jù: ṣé orí ohun tó kù ni èlé yìí wà, àbí orí gbogbo owó? Èló ni gbogbo ohun tí mo san máa jẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá san tán? Ṣé ẹ lè gbé èlé yìí sókè láàárín kan tí ọjà bá yí padà? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló ní ìlà kékeré kan tó fún báńkì láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni Ìbàdàn wa yìí, bó bá lè máa fún ayánilówó ní ₦358,000 lóṣù, ó lè máa fi í pamọ́. Ní oṣù kẹrìnlá, ₦5,000,000 ti pé. Oṣù mẹ́wàá tó kù nínú gbèsè rẹ̀, èlé lásán ni.

Àwọn tí kò gba èyí ní ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó yáwó ra Camry ní 2022 kò pàdánù, torí nígbà tí náírà já wálẹ̀, iye mọ́tò rẹ̀ ròkè, gbèsè rẹ̀ sì dúró síbi tó wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èlé ṣì kéré ni wọ́n yá owó yẹn. Ìdàkejì rẹ̀ la wà lónìí: èlé ti gòkè, náírà sì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ díẹ̀ ní 2025. Ẹni tó bá yá owó ní 30% nítorí ó gbàgbọ́ pé náírà tún máa já, tẹ́tẹ́ ló ń ta, owó ilé rẹ̀ ló sì fi ń ta á.

Owó gbèsè nìkan kọ́ ni oṣù máa gbé. Táńkì Camry gba epo tó tó lítà 70. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan bíi ₦13,000 ló ń kún un. Nígbà tó fi di ìparí 2024 tí lítà kan ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ti ju ₦70,000 lọ. Ìbánigbófò náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2023, NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìbánigbófò, ti gbé èyí tó kéré jù láti ₦5,000 sí ₦15,000, ṣùgbọ́n ayánilówó kì í sábà gba ìyẹn, torí kò bo mọ́tò fúnra rẹ̀. Èyí tó bo gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè, NAICOM sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín ní 5% iye mọ́tò. Lórí ₦8,000,000, ₦400,000 nìyẹn lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń buwọ́ lùwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlera mọ́tò. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mọ́tò aláìsàn lè pa á tì sí gárééjì títí yóò fi rówó tún un ṣe. Ẹni tó jẹ gbèsè lórí rẹ̀ yóò máa san owó oṣù lórí ohun tí kò gbé e lọ síbì kankan. Muscle tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 lítà ni àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí èyí tó máa ń jẹ ọ́ìlì. Toyota fúnra rẹ̀ fi kún ọdún gáráńtì lórí ìṣòro yìí ní Amẹ́ríkà. Spider ti 2010 àti 2011 ti gba ẹ́ńjìnnì mìíràn, 2.5 lítà. Kí olùrà fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kó wò ó, kó wo èéfín tó ń jáde lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá tẹ iná, kó sì wa mọ́tò náà gba òpópónà fúnra rẹ̀ kó lè mọ bí gíà ṣe ń wọlé.

Ìtàn mọ́tò náà ń bẹ nínú àmì 17, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, tí wọ́n kọ sábẹ́ gíláàsì iwájú. Àmì kẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹni tí wọ́n ń ta Spider 2011 fún tí àmì kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 9, irọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Àmì 17 yìí kan náà ni wọ́n fi ń gba ìwé ìtàn Carfax, níbi tí olùrà ti lè rí i bóyá mọ́tò náà ti fara gbá ìjàm̀bá tàbí ó ti mumi. Ìjì Harvey tó ya wọ Houston ní oṣù Kẹjọ 2017 ba mọ́tò tí kò lóǹkà jẹ́, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì máa ń wà ní ọjà gbàǹjo àwọn àlòkù ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wálé ti ń rà. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò nílé ni, kí olùrà wo àkọsílẹ̀ National Collateral Registry. Òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 2017, ibẹ̀ sì ni báńkì ti ń forúkọ ohun tí wọ́n fi dógò sílẹ̀. Mọ́tò tí olówó rẹ̀ ń tà lọ́pọ̀ọ́ lè jẹ́ èyí tó ti fi yáwó níbòmíràn.

Awakọ̀ tó fẹ́ fi mọ́tò ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀: háyà pọ́ṣéèsì. Yóò máa san iye kan fún olówó ọkọ̀ lọ́sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Láti ìgbà tí Uber ti dé Èkó ní 2014, ọ̀nà yìí ti sọ ọ̀pọ̀ awakọ̀ di olówó ọkọ̀, ó sì ti pa àwọn mìíràn lẹ́kún. Olówó ọkọ̀ kan lè jí lọ́jọ́ kan, kó fipá gba mọ́tò nítorí owó ọ̀sẹ̀ méjì tí awakọ̀ kò tíì san, nígbà tó kù díẹ̀ kí gbèsè tán. Òfin Hire Purchase ti 1965 sọ̀rọ̀ lórí èyí, ó sì kàn mọ́tò láìka iye rẹ̀ sí. Ó ní kí olówó ọkọ̀ kọ iye tí mọ́tò náà jẹ́ bí ènìyàn bá san án lẹ́ẹ̀kan náà fún olùrà kí wọ́n tó ṣe àdéhùn. Ó tún ní bí awakọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó, olówó ọkọ̀ kò lè gba mọ́tò náà padà láìlọ sílé ẹjọ́. Àmọ́ bí ó bá jẹ owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olówó ọkọ̀ lè gbé mọ́tò náà pamọ́ kí ó má baà bàjẹ́. Kí awakọ̀ tọ́jú rìsíìtì gbogbo owó tó bá san. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí kò ní lè fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún hàn ní kóòtù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ṣì wà láàárín wa. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1935, ìwọ̀nba ibi iṣẹ́ ìjọba ni kò sì ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, èlé wọn sábà máa ń kéré sí ti báńkì, èrè ọdún sì máa ń padà sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Fún àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ribà, ìyẹn èlé, àwọn báńkì tí kì í gbà á wà: Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012, TAJBank láti 2019, Lotus láti 2021. Nínú muràbáhà, ọ̀nà tí irú báńkì bẹ́ẹ̀ ń gbà, báńkì ló máa ra mọ́tò, tí yóò fi èrè tó dá lé e, tí yóò sì tún un tà fún oníbàárà. Owó náà kò ní yí padà mọ́, ohun yòówù kí CBN ṣe. Ìyẹn kò ní kó jẹ́ ọ̀pọ́, torí náà kí oníbàárà ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa ṣírò ti báńkì mìíràn.

Ẹni tó bá sì rò pé òun lè sá fún gbèsè yóò bá CBN lọ́nà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2020 ni ètò tí wọ́n ń pè ní GSI ti wà: báńkì tí ènìyàn jẹ ní gbèsè lè fi BVN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, gba owó nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn.

Ohun tí ìṣirò yìí fi hàn ni pé ẹni tí mọ́tò kò ní mú owó wọlé fún kò yẹ kó yá owó báńkì ní 30% ra Camry lásìkò yìí. Kó máa wọ bọ́ọ̀sì fún ọdún kan sí i, kó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tàbí kó ra mọ́tò kékeré tí owó ọwọ́ rẹ̀ tó rà. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru rẹ̀ ń fi sínú ewu lójú ọ̀nà, tàbí oníṣòwò tí ọkọ̀ háyà ń gbé èrè rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Wọ́n lè yá a, bí owó tí wọ́n yá kò bá ju ìdajì iye mọ́tò lọ, tí wọ́n sì lè san án tán láàárín ọdún kan. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ yá a, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má buwọ́ lùwé kankan títí ayánilówó yóò fi kọ àpapọ̀ gbogbo owó tí ẹ máa san sílẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà. Èyí tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ.