Iṣẹ́ Aṣọ: Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àṣà kan ń bẹ láàrin wa tí kò yẹ wá. Bí ọmọ kan kò bá mọ ìwé, àwọn òbí rẹ̀ a wí pé, “Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ,” bí ẹni pé ibẹ̀ ni a ń kó aláìmọ̀kan jọ sí. Èyí ń tàbùkù iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n, ó sì lè gbé ọmọ sí ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ kò sí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ aṣọ rí.

Èkíní ni aṣọ híhun. Ní Ìṣẹ́yìn a ń hun aṣọ òkè ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, a sì ń rán wọn pọ̀ di ẹtù, sányán tàbí àlàárì. Ọmọ tí ó ní sùúrù ni èyí yẹ.

Èkejì ni aró. Ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, aláàdìrẹ a fi ìko so aṣọ, tàbí kí ó fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí i lára, kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Ìyáàfin Nike Okundaye, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, ti ipasẹ̀ àdìrẹ di ẹni tí a mọ̀ ní òkè òkun.

Ẹ̀kẹta ni gígé aṣọ àti rírán an. Agégẹ̀ẹ́rẹ́ ní láti mọ ìṣirò, nítorí bí ó bá ṣi ínṣì 1 gé, aṣọ olówó iyebíye lè bàjẹ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni tí ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá.

Ẹ̀kẹrin ni dídá àrà tuntun. Ìyáàfin Shade Thomas-Fahm lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ ni ó kọ́. Nígbà tí ó padà sí Èkó ní ọdún 1960, ó ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó lè rọrùn fún obìnrin òṣìṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ti àwọn tí kì í rán aṣọ rárá: oníṣòwò aṣọ, akọ̀wé owó, àti ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ kíyè sí ohun tí ọmọ yín ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹ bi ọ̀gá léèrè bí yóò kọ́ ọ ní gígé aṣọ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ àdéhùn náà sínú ìwé. Ọmọ tí ó fi ọdún 3 pọn omi, tí ó sì ń gbé ọmọ ọ̀gá rẹ̀ pọ̀n, lè gba òmìnira tán kí ó má mọ bí a ti ń gé bùbá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò kùnà. Àwa tí a kò béèrè ni a fi í ṣòfò.