Ọba Ovonramwen nínú fíìmù Invasion 1897

Lancelot Oduwa Imasuen ló gbé fíìmù yìí jáde ní 2014. Lọ́ńdọ̀nù ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin Bìní kan fún olè jíjà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lẹ́yìn náà ni a dé ààfin Ọba Ovonramwen, ẹni tí àwọn oníṣẹ́ idẹ Ìgún ń ṣiṣẹ́ fún, tí ìjòyè rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tí Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin rẹ̀, tí wọ́n sì lé e lọ sí Kàlàbá, níbi tó kú sí ní 1914. Iyùn àti aṣọ ọba dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè ibẹ̀ ló wúwo jù: ta ni olè?

Ọmọ Yorùbá ní Aylesbury Estate kò jìnnà sí ìdáhùn. Ní Forest Hill, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman dá ẹ̀tọ́ ohun-ìní 72 padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá 2022. Mẹ́fà ló kọ́kọ́ fà lé wọn lọ́wọ́. Èyí tó kù, ó yá wọn lọ́wọ́ Nàìjíríà.