Alùpùpù arìnrìn-àjò: nọ́ńbà wo ló yẹ ká kọ́kọ́ wò lórí òkè Àkókó?



Lọ́jọ́ kan, alùpùpù ńlá kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Àkùngbá, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wọ ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ga, táyà iwájú rẹ̀ tóbi, àpótí kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Kí ẹni tó gùn ún tó bọ́ akoto rẹ̀ tán, àwọn ọmọ ti pé lé e lórí. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Bọ̀ọ̀dá, báwo ló ṣe ń sáré tó?" Ìkejì: "Eélòó ni wọ́n ń tà á?" Ìkẹta: "cc mélòó ni?" Kò sẹ́ni tó béèrè bó ṣe ń dúró.

Èmi náà ò béèrè o. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo wọ ọ̀kadà láti Ọ̀kà. Bá a ṣe dé orí ìdàgẹ̀rẹ́, ọlọ́kadà fi ẹsẹ̀ já jíà, ó fi sí fíríì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Ó ní, "Má fòyà, àbúrò. Epo ti wọ́n. Òkè ló ń gbé wa lọ báyìí, ọ̀fẹ́ ni." Ó ń tẹ bíréèkì, bíréèkì ń han, òórùn ohun tó ń jó sì ń kọlu imú mi. Ìgbà tá a délẹ̀ ni mo tó mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo padà síbi ìwé àpèjúwe àwọn alùpùpù ńlá wọ̀nyẹn, tí mo tún un kà dáadáa. Ohun tí mo rí ni pé àwọn nọ́ńbà tá a máa ń kọ́kọ́ béèrè kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń gbé láàárín òkè. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Irú alùpùpù wo nìyí gan-an?

Adventure bike ni àwọn òyìnbó ń pè é. Alùpùpù tó lè sáré lórí títì ọlọ́dà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, síbẹ̀ tí kò ní sá bí ọ̀dà bá tán tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Àwọn alábọ́ọ́dé inú wọn, ẹ́ńjìnnì wọn sábà máa ń wà láàárín 600 sí 800 cc. Mẹ́ta tá a máa lò lónìí ni Yamaha Ténéré 700, Honda XL750 Transalp àti Suzuki V-Strom 650.

Ẹ má rò pé nǹkan òyìnbó lásán ni o. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1978, àwọn kan gbéra ní Paris, wọ́n ń du eré lọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Cyril Neveu ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù lọ́dún 1979, Yamaha XT500 ló sì gùn. Ìdíje yìí ló kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ pé táǹkì kékeré ò lè jáde nínú aṣálẹ̀, pé ṣọ́ọ̀kì kúkúrú á dá ẹni ní ẹ̀yìn. Orúkọ Ténéré tí Yamaha fi ń pe alùpùpù rẹ̀ láti ọdún 1983, orúkọ aṣálẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Nijẹ ni, aládùúgbò wa níhìn-ín.

Ní ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, ọmọ Nàìjíríà kan, Kúnlé Adéyanjú, gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 41 gbáko. Ó ṣe é láti kówó jọ fún ogun tí wọ́n ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Nítorí náà, ìrìn-àjò irú yìí kì í ṣe àlọ́ fún wa.

cc àti agbára ẹṣin

cc ni ìwọ̀n àyè tó wà nínú sìlíńdà, níbi tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò. Boxer 150 tí gbogbo wa mọ̀ ní sìlíńdà kan, ó tó nǹkan bí 145 cc, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 12. Ténéré 700 ní sìlíńdà méjì, 689 cc, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 73. V-Strom 650 ò jìnnà sí i. Transalp lọ sókè díẹ̀: 755 cc, ẹṣin bí 90.

Kí ni agbára yìí wà fún? Kì í ṣe fún eré àsápajúdé. Bí tírélà bá ń rákò gun òkè níwájú rẹ, tó o fẹ́ yà á sílẹ̀, iye ìṣẹ́jú àáyá tó o máa lò lójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ ló ṣe kókó. Ẹni tó ní agbára púpọ̀ á tètè kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹṣin 12, tó tún gbé èrò méjì, kó yáa dúró sẹ́yìn tírélà jẹ́ẹ́jẹ́.

Táǹkì

Boxer ń gba epo lítà 11. Ténéré ń gba 16, Transalp 16.9, V-Strom 20. Transalp máa ń lo epo bíi lítà 4.3 láti rin 100 kìlómítà. Tí táǹkì bá kún, ó lè rin nǹkan bí 390 kìlómítà. Ìkàrẹ́ sí Àkúrẹ́ tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìyẹn ni pé ó lè lọ Àkúrẹ́, kó bọ̀, kó tún lọ, kí epo ṣì kù. Ẹni tó bá ti tò lórí ìlà epo rí mọ iyì èyí.

Ìwọ̀n àti gíga ìjókòó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ténéré 700 wúwo tó 204 kìlógíráàmù, Transalp 208, V-Strom tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Ẹ ro ó wò: àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, ó kéré tán, lẹ̀ ń gbé dúró láàárín itan yín.

Ìjókòó Ténéré ga tó 87.5 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, ti Transalp 85. Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá gùn, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa kanlẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò burú. Àmọ́ lórí ọ̀nà òkúta Àkókó, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga tí ẹ̀gbẹ́ kejì dà gẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ lè wá ilẹ̀ tì. Alùpùpù á ṣubú, ó sì lè ṣubú lé ọ. Nítorí náà, kí èèyàn tó ra irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó lé e, kó sì wo ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ òun dé.

Abẹ́, ṣọ́ọ̀kì àti táyà

Àlàfo tó wà láàárín abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ tó 24 sẹ̀ǹtímítà lórí Ténéré, bíi 21 lórí Transalp. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án tá a fi ń kọ́lé ga tó 22.5 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ti rí i: Ténéré lè gba orí búlọ́ọ̀kù yẹn kọjá láì kàn án, Transalp á fi abẹ́ gbá a. Ẹ rántí pé ìgbà tẹ́nì kankan ò jókòó lé e ni nọ́ńbà yìí wà fún. Bí èèyàn àti ẹrù bá gùn ún, ṣọ́ọ̀kì á rẹlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú Ténéré lè wọlé tó 21 sẹ̀ǹtímítà, ti Transalp 20. Ó gùn ju bírò tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé lọ. Bí táyà bá já sí kòtò, ṣọ́ọ̀kì ló máa gbé ìyà náà mì kó tó dé ẹ̀gbẹ̀rí rẹ.

Táyà iwájú Ténéré àti Transalp jẹ́ ínǹṣì 21, ti V-Strom 19. Kí ló dé tí ó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bárò tí wọ́n fi ń kó iyanrìn àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Kòtò tí ẹsẹ̀ bárò máa rì sí, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á kàn gba orí rẹ̀ kọjá ni. Bí àgbá táyà bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kòtò ṣe ń kéré lójú rẹ̀.

Bíréèkì: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹ wá padà sórí ìdàgẹ̀rẹ́ tí ọlọ́kadà ti sọ pé "ọ̀fẹ́ ni." Nínú ìmọ̀ físíìsì, kò sí ọ̀fẹ́. Agbára tẹ́ ẹ fi gun òkè ò parẹ́, ó kàn fara pamọ́ sínú gíga yẹn ni. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde: yálà kó di eré, tàbí kó di ooru. Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ ọ́ di ooru.

Ooru náà pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Alùpùpù ńlá, ẹni tó gùn ún àti ẹrù rẹ̀, ká pè é ní 300 kìlógíráàmù. Kó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tó ga ní 100 mítà. Ká fi 300 sọ 9.8 di púpọ̀, ká tún fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: ó jẹ́ 294,000 joule. Ìyẹn tó láti gbé omi lítà kan láti orí ooru 30 dé 100, ìyẹn ni pé ó tó kó bẹ̀rẹ̀ sí í hó! Atẹ́gùn máa ń gba díẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíréèkì ló máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù bẹ́ ẹ bá fi sí fíríì.

Bíréèkì alùpùpù ńlá jẹ́ abọ́ irin pẹlẹbẹ tó wà níta gbangba, tí wọ́n dá ihò sí lára, kí afẹ́fẹ́ lè máa tù ú. Ọ̀pọ̀ Boxer tó wà ní ìgboro ń lo bíréèkì inú àgbá, tí ooru ò rọ́nà jáde níbẹ̀. Bó bá gbóná jù, ohun tó yẹ kó di àgbá mú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, kò ní dá yín lóhùn. Òórùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, ìkìlọ̀ ni.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Jíà. Ẹ mú síríńjì, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìdí rẹ̀. Ó le, àbí? Bẹ́ ẹ bá jọ́wọ́ ìṣáná nígbà tí jíà ṣì wà nínú, ohun tí písítìnnì ń ṣe nìyẹn: ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa. Ẹ́ńjìnnì á máa fa táyà sẹ́yìn, ooru á sì gba ara ẹ́ńjìnnì jáde dípò bíréèkì. Jíà kejì tàbí ìkẹta lórí ìdàgẹ̀rẹ́ ń ṣe ìdajì iṣẹ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Lórí àwọn alùpùpù tuntun tí kọ̀ǹpútà ń fún ní epo, bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú jíà tẹ́ ò sì fún iná, kọ̀ǹpútà á ti epo pa pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ ẹ bá fi sí fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo díẹ̀díẹ̀ kó má bàa kú. Fíríì ló wá ń jẹ epo, jíà ò jẹ nǹkan kan! Lórí Boxer tó ń lo kábúrétọ̀, fíríì lè dá epo díẹ̀ sí, àmọ́ díẹ̀ náà ò lè ra búrẹ́dì. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

ABS náà wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì pa, táyà á dúró gbagidi, á máa yọ̀, alùpùpù á sì ṣubú. ABS máa ń mọ̀ pé táyà ti fẹ́ dúró, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún mú un, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò lè tu bíréèkì tó ti gbóná.

Àkùngbá mọ ohun tí mò ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, tírélà kan já wọ àárín èèyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn, ó sì gba ẹ̀mí, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ìròyìn ìgbà náà ní bíréèkì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ tún ìṣirò wa ṣe: tírélà tó wúwo tó 30,000 kìlógíráàmù, bó bá sọ̀kalẹ̀ òkè kan náà, ooru rẹ̀ á hó omi 100 lítà. Ẹ̀kọ́ físíìsì kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ṣé Boxer wá burú ni?

Rárá o. Boxer ní ohun tí àwọn ńlá wọ̀nyí ò ní: gbogbo mẹkáníìkì láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́ lè tú u, wọ́n sì lè tò ó padà, páàtì rẹ̀ sì wà ní gbogbo ọjà. Bí rédíétọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà Transalp bá bàjẹ́ ní Àkùngbá, ẹ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ni pé Ténéré àti Transalp ṣì ń lo táyà tó ní tíúbù. Fọ́káníṣà orí ìkòríta lè lẹ̀ ẹ́.

Torí náà, bí alùpùpù ńlá bá tún dúró ní Àkùngbá, ẹ bi ẹni tó gùn ún bó ṣe ń dúró. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà lẹ wọ̀, tí ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ fi sí fíríì lórí òkè, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí jíà. Màá fi owó epo yẹn kún un." Èmi náà ti ń sọ ọ́ báyìí. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n máa ń fi sí jíà.