Akọ̀wé arìnrìnàjò: Ohun tí ogun Biafra sọ iṣẹ́ oníwàásù àgọ́ ọ̀dọ́ dà

Akọ̀wé arìnrìnàjò ni Scripture Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1867, ń pe ẹni tó ń káàkiri fún wọn. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, á lọ máa bẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Tí wọ́n bá gba ìsinmi, á wàásù fún wọn ní àgọ́.

Ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, Bill Roberts tó wá láti Britain ló ń ṣe é. Ogun bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje, ọdún 1967, wọ́n sì ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa. Ibo ni yóò tún rìn lọ? Ó dúró sí Umuahia, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nílé rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ló wá di arìnrìnàjò báyìí. Lẹ́yìn ogun lọ́dún 1970, àwọn kan lára wọn ń wàásù káàkiri ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ń dá ìjọ sílẹ̀.